Irin Orí Itan àti Ẹ̀rù Inú Ọkàn: Ọ̀rọ̀ fún Ìyá Tí Àwọn Ọmọ Fẹ́ Mú Gun Ọkọ̀ Eré Orí Omi

   

Ní ìpàdé wa tó kọjá, lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ owó àjọ tán, ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláta dìde, ó ní òun ní ìbéèrè. Ó ní àwọn ọmọ òun tó wà ní London ti ní kí òun máa bọ̀ wá kí àwọn. Wọ́n ní tí òun bá dé, àwọn máa mú òun lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń gun ọkọ̀ tó ń já bọ́ láti òkè sínú omi. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí kì í pa èèyàn?" Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti gun ún rí. Mo ṣèlérí pé màá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn wa, kí gbogbo wa lè kà á, kí ẹni tí kò lè kà á sì ní kí ọmọ ka á fún òun.

Ìdáhùn mi rèé ní kúkúrú: eré náà kì í sábà ṣe èèyàn ní nǹkan, ẹgbàágbèje èèyàn ló ń gùn ún tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ láyọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rù ti ń bani jù kọ́ ni ewu wà jù. Tí ẹ bá di èyí mú, ẹ ti di kókó ọ̀rọ̀ mi mú. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE MÚ ÈMI NÁÀ LỌ

Ọdún 2019 ni. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, mo lọ bá a tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ọmọ tuntun lé ní oṣù mẹ́ta, ọkọ ọmọ mi ní kí gbogbo wa jáde, kí Màmá má máa wo ògiri láti àárọ̀ dalẹ́. Ó wà wá lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan. Òun dúró ti ọmọ tuntun, ó ní kí èmi, ọmọ mi, àti ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ gun ọkọ̀ omi.

A tò fún bíi wákàtí kan. Bí a ṣe ń sún mọ́ ọn ni mò ń gbọ́ igbe àwọn tó wà lókè. Ọmọ-ọmọ mi wò mí lójú, ó ní, "Grandma, ṣé ẹ̀rù ń bà yín ni?" Mo ní, "Èmi? Èmi tí mo ti jókòó lórí ẹrù nínú lọ́rì láti Ṣakí dé Ìbàdàn? Ẹ̀rù kankan ò bà mí." Irọ́ ni mo pa fún ọmọdé. Ọwọ́ mi ti tutù, àyà mi ń lù kì-kì-kì bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán.

Ọkọ̀ náà dé, wọ́n ṣe é bí ìtì igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Èèyàn méjì-méjì ló ń jókòó ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ọmọ-ọmọ mi jókòó pọ̀. Irin kan ṣoṣo ló wà fún àwa méjèèjì, ó sọ̀ kalẹ̀ wá sórí itan wa. Ẹ̀yin náà mọ bí mo ṣe rí, èmi kì í ṣe ẹni tín-ín-rín. Irin yẹn kan ikùn mi, ó dúró síbẹ̀. Ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan wá, ó fọwọ́ fa irin náà, ó wò mí, ó wo ọmọ, ó sì sọ̀rọ̀. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún mi pé, "Màmá, ó ní kí ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó wá bá mi jókòó."

Inú bí mi. Mo rò pé ọmọ kékeré yìí ń bú mi pé mo sanra. Mo tilẹ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo ronú kàn án. Níbi tí irin ti kan èmi ní ikùn, àlàfo tó wà láàrin irin náà àti itan ọmọ tó ìkúùkù méjì. Èmi ni irin mú, kò mú ọmọ. Òṣìṣẹ́ yẹn kò bú mi o, ọmọ mi ló dáàbò bò.

BÍ ỌKỌ̀ NÁÀ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ohun tí kò yé èèyàn ló máa ń bani lẹ́rù jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé etí ọ̀sà rí, ẹ mọ bí àwọn onígẹdú ṣe máa ń so ìtì igi pọ̀, tí wọ́n á tì í sójú omi, tí omi á gbé e láti ìgbẹ́ wá sí Èbúté Mẹ́ta fún àwọn onípákó. Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà náà ṣe irú rẹ̀ láyé àtijọ́. Níbi tí odò kò sí lórí òkè, wọ́n á fi pákó ṣe kòtò gígùn bí ọ̀pọ́n, wọ́n á da omi sí i, ìtì igi á sì máa yọ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Láti ara iṣẹ́ yẹn ni eré yìí ti wá. Ní ọdún 1963, ọgbà kan tó ń jẹ́ Six Flags Over Texas ṣí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ti òde òní. Láti ibẹ̀ ló ti tàn káyé.

Ẹ̀rọ ńlá ló ń fa omi gòkè, omi yẹn ló ń gbé ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́. Tó bá dé ibi òkè, ẹ̀rọ mìíràn á fà á gòkè. Níbẹ̀ lẹ máa gbọ́ ìró kan, ka-ka-ka-ka. Ìró yẹn máa ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á rò pé nǹkan ti fẹ́ já. Bẹ́ẹ̀ ààbò ni. Eyín irin ni, tó ń há ọkọ̀ kó má lè yọ̀ padà sẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ dákẹ́. Tí ọkọ̀ bá já bọ́ tán, omi tó wà nísàlẹ̀ ló ń mú eré rẹ̀ dínkù. Omi tó ń fọ́n sí yín lójú yẹn, òun ni bíréèkì ọkọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ INÚ FI Ń GBÉ?

Gbogbo wa la ti wọ dánfó tó sáré gun òkìtì tí wọ́n ṣe sójú títì kí mọ́tò lè rọra. Ẹ rántí bí ìdí yín ṣe kúrò lórí àga, tí orí fẹ́ gbá òrùlé. Mọ́tò ti ń sọ̀ kalẹ̀, ara tiyín ṣì fẹ́ máa lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lórí ọkọ̀ omi. Tó bá yọrí lókè tó dojú kọ ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ń bọ́, ìwọ náà ń bọ́, ìfun àti ohun gbogbo nínú ikùn náà ń bọ́. Àga kò tì ọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Òun ni inú fi ń gbé, tí èèyàn á rò pé ọkàn òun ti já. Kò ju bíi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Tí ọkọ̀ bá dé ìsàlẹ̀ tó tún fẹ́ tẹ́ rẹrẹ, àga á tún tì yín padà, ẹ á wúwo ju bí ẹ ṣe rí lọ.

Ìgbà tí ara bá fúyẹ́ lókè yẹn ni iṣẹ́ irin itan. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dì yín mọ́lẹ̀ bí ẹran Iléyá. Ó kàn fẹ́ kí ìdí yín má kúrò níbi tí ó wà títí àga á fi tún gbà yín.

Ẹ ó sì rí ọkọ̀ mìíràn tí kò ní irin, tí kò ní bẹ́líìtì. Ẹ má sọ pé wọ́n gbàgbé. Níbi tí ìsọ̀kalẹ̀ kò bá le, ìjókòó náà ni wọ́n gbẹ́ jìn, tí ẹsẹ̀ á wọnú kòtò, tí ẹ̀yìn á fara ti nǹkan, tí ọwọ́ á rí nǹkan dì mú. Ìjókòó jíjìn yẹn ni ààbò. Ìdí mìíràn sì tún wà. Orí omi la wà. Tí ọkọ̀ bá ṣe bí ẹní dojú dé, bẹ́líìtì tó le jù lè há èèyàn mọ́ abẹ́ omi. Nítorí náà àwọn tó ń ṣe é máa ń wọ̀n ọ́n wò bí a ṣe ń wọn ọjà: èwo ló wúwo jù, ewu kí èèyàn já bọ́ ni, àbí ewu kó há? Ṣùgbọ́n ibi tí wọn kò fi irin sí, ẹni tó jókòó ni irin ara rẹ̀. Tó bá dìde, ààbò ti tán nìyẹn.

IRIN TÓ BÁ ARA MU NI IRIN

Èmi tí mò ń ta èlùbọ́, mo mọ̀ pé okùn tó di àpò ńlá kò lè di àpò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ńlá ni okùn máa mú, kékeré á yọ́ bọ́ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni irin tí èèyàn méjì jọ ń lò. Ara ẹni tó tóbi jù ni á ti dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọgbà fi ń yí i padà sí irin kan fún ẹnì kan. Ẹ̀yin ìyá àgbà, tó bá jẹ́ irin àjọlò ni, ẹ má gbé ọmọ kékeré jókòó ti ara yín torí pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bá ẹni tí ara wọn jọ dọ́gba jókòó. Ẹ má sì gbé e lé itan láéláé. Ọwọ́ ìyá lágbára o, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ bá ń já bọ́, ọwọ́ kì í ṣe irin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí ara wa tóbi pẹ̀lú. Ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, ọgbà Knott's Berry Farm ní ọkọ̀ omi kan tó ń jẹ́ Perilous Plunge, tí ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 115. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, obìnrin kan já bọ́ láti inú rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì kú. Obìnrin tó tóbi lára ni. Àwọn tó wádìí rí i pé irin àti bẹ́líìtì kò lè jókòó dáadáa sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sí i. Wọ́n ti pa ọkọ̀ náà tì láti ọdún 2012. Ẹ̀yin ìyá mi, tí òṣìṣẹ́ bá wò yín tó ní irin kò pa dé, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ lọ ra gúgúrú. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí.

Ti ọmọdé ńkọ́? Ní ìpínlẹ̀ Kansas, wọ́n kọ́ ọ̀nà omi kan ní ọdún 2014, orúkọ rẹ̀ ni Verrückt. Ó ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì 17, kò sí èyí tó ga tó o láyé nígbà náà. Èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó nínú ọkọ̀ rọ́bà kan. Ohun tí wọ́n fi ń dè wọ́n ni bẹ́líìtì alẹ̀mọ́, irú èyí tó wà lára bàtà ọmọdé, tí a bá fà á á dún ràràrà. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2016, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 10 jókòó síwájú, àwọn obìnrin àgbà méjì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ gun òkìtì kejì, ó fò kúrò lójú ọ̀nà, ó gbá irin tí wọ́n fi na àwọ̀n sókè. Ọmọ náà kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ rántí dánfó àti òkìtì tí mo sọ. Òun náà ni, ṣùgbọ́n eré ọkọ̀ yìí pọ̀ ju ti dánfó lọ, ẹrù tó wúwo wà lẹ́yìn, èyí tó fúyẹ́ wà níwájú. Ẹni tó bá ti di ẹrù sínú lọ́rì rí á mọ̀ pé ẹrù báyìí kì í dúró. Ní ọdún 2017 ni ìjọba Kansas ṣe òfin tó le sí i lórí àyẹ̀wò irú eré bẹ́ẹ̀. Ní 2018 wọ́n wó Verrückt palẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí igi tí wọ́n fi ń wọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bínú sí i. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Wọ́n ti wo bí irin ṣe gùn tó àti ibi tí ìbàdí èèyàn máa dé, wọ́n wá mọ̀ pé ẹni tí kò ga tó báyìí, irin kò lè mú un. Mo ti rí ìyá tó ní kí ọmọ nà ìka ẹsẹ̀ kó lè ga tó igi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta là ń tàn jẹ? Ọmọ wa ni o. Tí a bá rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ fún oníbàárà, owó la jẹ. Tí a bá rẹ́ ẹ jẹ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ yìí, ẹ̀mí la fi ń ṣeré.

IBI TÍ Ẹ̀RÙ TI LỌ NI EWU TI Ń BỌ̀

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ara mi. Ọkọ̀ ìtì igi yẹn já bọ́, mo pariwo, mo pe orúkọ ìyá mi tó ti kú. Omi gbá mi lójú. Nígbà tó dúró, mo rí i pé mi ò kú. Ẹ̀rín bá gbà mí, n kò lè dákẹ́. Ó wá dà bíi pé mo ti ṣẹ́gun ayé.

Ọkàn mi balẹ̀ nìyẹn. A wá lọ sí èkejì, ọkọ̀ róbótó bí àwo, tí èèyàn ń jókòó yíká nínú rẹ̀ tí omi ń gbé e yí lójú odò tí wọ́n gbẹ́. Kò sí ibi tó ti ń já bọ́ láti òkè. Mo ní, "Èyí ò tó nǹkan." Wọ́n ní kí a so bẹ́líìtì, mo so ó. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti rọ̀, ìborùn mi yọ́ kúrò léjìká, ó lọ há sí etí ọkọ̀. Ìborùn aṣọ òkè ni, mi ò lè fi sílẹ̀. Mo tú bẹ́líìtì, mo dìde, mo na ọwọ́ sí i. Ọmọ-ọmọ mi rí mi, òun náà ti tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ bá Grandma mú un.

Ọmọ mi figbe ta. "Màmá! Ẹ jókòó!" Láti ìgbà tí mo ti bí i, kò pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo jókòó. Bí mo ṣe jókòó ni ọkọ̀ gbá ògiri, gbogbo wa mì jìgìjìgì. Ká ní mo ṣì wà lórí ìdúró ni... Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìborùn bá omi lọ.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ìdí mọ́tò. Nígbà tó yá, ó dọ̀bálẹ̀ ohùn rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn ni." Ó wá sọ ọ́ fún mi. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2017, ní ọgbà Drayton Manor ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 11 kan bá àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ wá ṣeré. Wọ́n wọ ọkọ̀ róbótó tí wọ́n ń pè ní Splash Canyon. Ọmọ náà dìde nínú ọkọ̀, ọkọ̀ gbá nǹkan, ó ṣubú sínú omi. Ó tilẹ̀ kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ fi rìn nínú omi, ṣùgbọ́n ó padà bọ́ sí ibi tó jìn, ó sì kú. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ bu ìtanràn mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lé ilé iṣẹ́ tó ni ọgbà náà nígbà tó ṣẹlẹ̀, nítorí wọn kò ṣe tó fún ààbò àwọn tó ń gùn ún.

Ẹ wò ó dáadáa o. Ọkọ̀ yẹn kò já bọ́ láti orí òkè ńlá. Odò eré ni. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ba àwọn ọmọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dìde.

Ẹ gbọ́ èkejì. Ní Florida, ní ọgbà Walt Disney World, ọkọ̀ ìtì igi kan wà tó ń jẹ́ Splash Mountain. (Wọ́n ti yí i padà, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ láti 2024.) Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, ọkùnrin kan ní ara òun kò yá. Ó rí ẹnu ọ̀nà pàjáwìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbá a, ó sì kú. Ìsọ̀kalẹ̀ ńlá tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù kọ́ ló pa á. Bíbọ́ sílẹ̀ ló pa á.

Ṣé ẹ wá rí ohun tí mo ń sọ? Lókè, níbi tí ẹ̀rù ti ń ba gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó ń dìde. Gbogbo wa la di irin mú bí ẹni di owó ọjà mú. Àwọn tó kọ́ ọ náà ti fi gbogbo ọgbọ́n wọn síbẹ̀. Ibi tí omi ti rọ̀, tí ọkàn ti balẹ̀, tàbí tí ọkàn ti pòrúùru tí a fẹ́ sá, ibẹ̀ ni èèyàn ti ń kúrò lórí ìjókòó. Ẹ̀rù kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye. Ó máa ń pariwo níbi tí ewu kéré, ó sì máa ń dákẹ́ níbi tó yẹ kó pariwo.

ẸRÙ TÓ WÀ LÓRÍ ÀWỌN TÓ NI ỌGBÀ

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni tó gun ọkọ̀ nìkan ló lẹ́bi. Ní ilẹ̀ Australia, ní ọgbà Dreamworld, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2016, àgbàlagbà mẹ́rin kú lórí ọkọ̀ róbótó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ló kọṣẹ́, omi fà, ọkọ̀ kan há, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọlù ú. Àwọn èèyàn yẹn kò dìde, wọn kò ṣe ohun tí kò tọ́. Ilé ẹjọ́ bu ìtanràn mílíọ̀nù 3.6 dọ́là Australia lé ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2020. Nítorí náà ẹ lajú yín. Níbikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ mú ọmọ gun irú eré yìí, ìbáà ṣe òkè òkun, ìbáà ṣe nílé níbí nígbà ọdún, ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́. Ṣé wọ́n ń fọwọ́ fa irin kọ̀ọ̀kan wò kí ọkọ̀ tó lọ? Ṣé wọ́n ń wọn ọmọ? Ṣé ẹnì kan ń wo ojú omi? Ṣé bẹ́líìtì ti gbó, tí wọ́n fi okùn lọ́ ọ? Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ pa owó yín mọ́. A kì í ra ata tó ti jẹrà nítorí pé a ti rìn dé ìsọ̀.

BÍ Ẹ̀RÙ BÁ Ń BÀ YÍN, Ẹ ṢE BÁYÌÍ

1. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ-ọmọ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ẹ ó gun ohun tí ọkàn yín kọ̀. Ẹ lè tò dé iwájú kí ẹ yí padà, àwọn òṣìṣẹ́ á fi ọ̀nà hàn yín. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọdé náà bákan náà: tó bá ní òun ò ṣe mọ́, ẹ má fi ipá tì í.

2. Ẹni tó lóyún, ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí ọrùn ń dùn, ẹ jókòó nísàlẹ̀, ẹ máa bá wọn ṣọ́ báàgì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sára pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ní kí ọmọ ka á fún yín.

3. Ẹ má wọ ìró, ẹ má wé gèlè, ẹ má kó ìborùn lọ. Ẹ wo tèmi. Aṣọ tó rọ̀ mọ́ ara díẹ̀ ló dára, bàtà tí kì í yọ́. Fóònù àti owó, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kò gùn ún.

4. Tí ẹ bá ti jókòó, ẹ fa irin wá sílẹ̀ kó kan itan. Ẹ má gbé báàgì sáàrin irin àti ara, nítorí báàgì ni irin máa mú, kò ní mú yín. Ẹ fọwọ́ ara yín tì í wò. Tó bá ń lọ sókè, ẹ pe òṣìṣẹ́ kí ọkọ̀ tó rìn.

5. Ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí ọwọ́ di irin mú. Ẹ rọra fa èémí sínú, kí ẹ sì rọra tú u síta títí á fi tán. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àyà á rọlẹ̀. Ẹ lè pariwo bó bá ṣe wù yín, ariwo kì í pa ẹnikẹ́ni.

6. Tí ọkọ̀ bá dúró lójú ọ̀nà, tí iná kú, tí ohun gbogbo dákẹ́, ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ má gba ẹnu ọ̀nà kankan jáde àfi tí òṣìṣẹ́ bá wá mú yín. Ọkọ̀ mìíràn lè wà lẹ́yìn.

7. Tí nǹkan bá bọ́, ẹ jẹ́ kó lọ. Ìborùn, bàtà, fóònù, kò sí èyí tó tó ẹ̀mí. Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí kí ẹ tó kúrò nílé.

Ìyá aláta wa, mo dáhùn ìbéèrè yín báyìí. Ẹ lọ kí àwọn ọmọ yín, ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ gbá ọmọ-ọmọ mọ́ra. Tí wọ́n bá mú yín dé ìdí ọkọ̀ omi tí ọkàn yín gbà á, ẹ gùn ún, ó dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọ jókòó sábẹ́ irin tó bá a mu, kí ìdí yín má sì kúrò lórí àga títí wọ́n á fi ní ó tán. Tí ẹ bá dé, ẹ wá ròyìn fún wa ní ìpàdé.

Èmi náà ti padà ra ìborùn mìíràn. Àwọ̀ rẹ̀ kò tó ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá fà á lé èjìká, mo máa ń rántí ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ tó na ọwọ́ nítorí pé ó rí ìyá àgbà rẹ̀ tó na ọwọ́. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ wa ló ń ṣe.

 A ò ní fojú sunkún ọmọ. Àṣẹ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́.